‘Bátìrì Ti Kú’: Ìtúpalẹ̀ Gbólóhùn Kan àti Àìsàn Mẹ́ta tí Ó Wà Lábẹ́ Rẹ̀

Ìfáárà

Bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bá kọ̀ láti ṣíná ní òwúrọ̀, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń kùn bí ẹni tí oorun kò tíì dá lójú rẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn máa ń sọ: ‘Bátìrì ti kú.’ Awakọ̀ yóò sọ ọ́. Aládùúgbò tí ó wá bá a ti ọkọ̀ yóò sọ ọ́. Ríwáyà tí a ránṣẹ́ pè pàápàá lè sọ ọ́ kí ó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn èyí, ìbéèrè kì í sábà sí mọ́. Àwọn àgbà ni wọ́n ní àìsàn ni à ń wò, a kì í wo ikú. Ohun tí ó bá ti kú, sísin ni ó kù. Nítorí náà, ẹni tí ó ni ọkọ̀ yóò gba ọjà lọ láti ra bátìrì tuntun. Bí ó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta tí tuntun náà tún ‘kú’, yóò ní ẹni tí ó tà á fún òun ni ó rẹ́ òun jẹ.

Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé èdè ni ó kọ́kọ́ ṣì wá lọ́nà níhìn-ín. Àìsàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a kó sábẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ‘kú’. Ó lè jẹ́ pé bátìrì kò rí iná gbà nígbà tí ọkọ̀ ń rìn. Ó lè jẹ́ pé ohun kan nínú ọkọ̀ ni ó ń fa iná rẹ̀ mu nígbà tí ọkọ̀ dúró. Ó sì lè jẹ́ pé àyè tí bátìrì fi ń gba iná ni kò tó ti àtijọ́ mọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí ni ó ní àyẹ̀wò tirẹ̀ àti ìtọ́jú tirẹ̀. Ẹ̀kẹta nìkan ni ríra bátìrì tuntun lè wò.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tí ó ń fi Yorùbá kọ́ni, àti ògbufọ̀ tí ó ń túmọ̀ ìwé ìlò ọkọ̀, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Láti ìgbà tí Ètò Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 ni ó ti hàn gbangba pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ohun tí ó ń fẹ́ àmójútó ni pé kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ojúṣe tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ń ru ẹrù mẹ́ta, akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ ọ̀rọ̀ náà tán, kò sì níí mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀.

Ohun tí ó wà nínú bátìrì

Gaston Planté, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó kọ́kọ́ ṣe irú bátìrì yìí ní ọdún 1859. Ìlànà tí ó gbé e lé kò tíì yí padà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tí ó ń lo epo pẹtiróòlù tàbí dísẹ́ẹ̀lì. Irú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí a mọ̀ lónìí kò tíì sí nígbà náà. Ní ọdún 1912 ni iléeṣẹ́ Cadillac bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ ìṣíná oníná mànàmáná tí Charles Kettering ṣe sínú ọkọ̀, tí bátìrì fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ irin tí à ń fi ọwọ́ yí níwájú ọkọ̀.

Inú àpótí bátìrì pín sí yàrá mẹ́fà. A yan ‘yàrá’ dípò ‘sẹ́ẹ̀lì’ nítorí pé ‘sẹ́ẹ̀lì’ ti ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú ìmọ̀ nípa ẹ̀dá oníyè. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan ni àwọn pẹlẹbẹ òjé wà ní oríṣi méjì. Ọ̀kan jẹ́ òjé lásán, àwọ̀ eérú ni ó ní; èkejì jẹ́ òjé tí ó ti dàpọ̀ mọ́ ọ́síjìn, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ti kóró kòkó gbígbẹ. Gbogbo wọn rì sínú omi tí a pò mọ́ ásíìdì imí-ọjọ́. Yàrá kan ń pèsè nǹkan bí fóltì 2.1, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lápapọ̀ ń pèsè fóltì 12.6 nígbà tí bátìrì bá kún dáadáa.

Fóltì ni a fi ń wọn ipá tí ó ń ti iná gba inú wáyà kọjá. A óò pè é ní ipá ìtì. Áḿpíà ni a fi ń wọn ìṣàn iná, èyí ni bí iná tí ó ń kọjá ti pọ̀ tó. Ẹni tí ó bá ti bá wọn ti ọkọ̀ rí mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni agbára tí a fi ti ọkọ̀, ọ̀tọ̀ sì ni eré tí ọkọ̀ náà sá. Bí áḿpíà kan bá ṣàn fún wákàtí kan gbáko, a óò ní áḿpíà-wákàtí kan ti lọ. Òun ni a fi ń sọ bí bátìrì ti tóbi tó. Bátìrì ọkọ̀ kékeré sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí áḿpíà-wákàtí 45.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lò. Àwọn kan ti ń kọ ‘léèdì’ àti ‘sọ́fọ̀’ sínú ìwé, bí ẹni pé Yorùbá kò mọ ohun méjèèjì rí. Òjé ni irin tí àwọn olórìṣà, pàápàá àwọn olùsìn Ọbàtálá, ń fi sọ́rùn ọwọ́. Imí-ọjọ́ sì wà nínú Bíbélì Yorùbá, kò sí ọmọ ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi tí kò mọ̀ ọ́n. Kò sí ìdí tí a óò fi yá ohun tí ó wà nílé. Ṣùgbọ́n ti ásíìdì yàtọ̀. Àwọn kan dá a lábàá pé kí a pè é ní ‘omi kíkan’. Àbá náà dùn létí, ewu sì wà nínú rẹ̀, nítorí pé omi kíkan tí ọmọdé mọ̀ ni omi orí ògì, èyí tí a ń mu, tí a sì ń fi se àgbo. Ohun tí ń jẹ aṣọ tí ń jẹ awọ ara kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ ohun tí à ń mu. Ẹ jẹ́ kí ásíìdì máa jẹ́ ásíìdì.

Nígbà tí bátìrì bá ń ṣiṣẹ́, oríṣi pẹlẹbẹ méjèèjì ń fa imí-ọjọ́ inú ásíìdì mọ́ra, wọ́n sì ń di ohun kan náà, èyí tí a óò máa pè ní iyọ̀ òjé. Bí èyí ti ń ṣẹlẹ̀, ásíìdì ń dín, omi ń pọ̀. Ìdí nìyí tí a fi lè mọ bí bátìrì ti kún tó nípa wíwọn ìwúwo omi inú rẹ̀. Bí a bá pe ìwúwo omi lásán ní 1.000, ti bátìrì tí ó kún yóò jẹ́ nǹkan bí 1.265, ti èyí tí ó ti ṣófo yóò sì súnmọ́ 1.120. Nígbà tí a bá tún da iná sí i láti òdìkejì, iyọ̀ òjé náà yóò túká, òjé yóò padà di òjé, imí-ọjọ́ yóò sì padà sínú omi.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ lo àpèjúwe àmù omi níhìn-ín ṣe dáadáa, àwa náà yóò sì lò ó. Ṣùgbọ́n kí ó kìlọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé a kì í rọ iná sínú bátìrì bí a ti ń rọ omi sínú àmù. Ìyípadà òjé àti ásíìdì ni ó ń fi agbára pamọ́. Ẹni tí kò bá mọ èyí kò níí lóye ìdí tí bátìrì fi ń gba iná díẹ̀díẹ̀, àti ìdí tí èyí tí a fi sílẹ̀ ní òfìfo fi ń bàjẹ́.

Bí ọkọ̀ bá ti sinmi fún wákàtí mélòó kan, a lè fi mítà wọn ipá ìtì ní orí bátìrì méjèèjì, èyí tí ó ní àmì àròpọ̀ (+) àti èyí tí ó ní àmì àyọkúrò (−). Fóltì 12.6 ni ìkún, 12.4 ni ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, 12.2 ni ìdajì, 12.0 ni ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí ó bá ti wálẹ̀ ju 11.9 lọ, bátìrì ti ṣófo. Ẹ kíyè sí i pé bátìrì tí a ń pè ní ‘fóltì 12’ kò kún rárá nígbà tí mítà bá ń fi 12 hàn. Àìmọye ènìyàn ni ó ti fi èyí tan ara wọn jẹ.

‘Ṣófo’ ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kí ó gba ipò ‘kú’ nígbà tí ohun tí a ní lọ́kàn bá jẹ́ pé iná inú bátìrì ti tán. Bátìrì lè ṣófo kí ó tún kún, gẹ́gẹ́ bí àmù. Òkú kì í jí. Kí àwọn olóòtú má ṣe yọ àmì ohùn kúrò lórí rẹ̀ o, nítorí pé ohun tí ó ṣófo kò tíì ṣòfò, kò sì yẹ kí a torí rẹ̀ ṣọ̀fọ̀.

Bátìrì tí kò rí gbà

Ẹ̀rọ amúnáwá kan wà nínú ọkọ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ọ́tánétọ̀. Bẹ́líìtì ni ó ń yí i nígbà tí ẹ̀rọ ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Òun ni ó ń bọ́ gbogbo iná inú ọkọ̀, tí ó sì ń dá ohun tí bátìrì ná padà fún un. Láti ti iná wọ inú bátìrì, ipá ìtì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga ju ti bátìrì lọ. Nítorí náà, bí a bá fi mítà kan orí bátìrì nígbà tí ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí a rí nǹkan bí fóltì 13.8 sí 14.4. Bí ó bá dúró sí 12.4 tàbí tí ó ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ebi ni ó ń pa bátìrì náà, kò kú. Àbọ́dè tuntun tí a bá rà wá sí ilé tí ebi ń pa ará ibẹ̀, ebi yóò pa òun náà ni.

Kí a tó dá ọ́tánétọ̀ lẹ́bi, kí a wo ohun tí ó rọrùn ná. Ìpẹtà funfun tàbí aláwọ̀ ewé tí ó ń hù sórí bátìrì lè dí ọ̀nà iná pátápátá. Omi gbígbóná àti sódà tí a fi ń ṣe àkàrà òyìnbó ni a fi ń fọ̀ ọ́. Kí a kọ́kọ́ tú wáyà orí alámì àyọkúrò, òun náà ni a óò dè kẹ́yìn. Bẹ́líìtì tí ó ti dẹ̀ ń yọ̀ lójú ibi tí ó yẹ kí ó ti di ẹ̀rọ mú. Lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ kan búrọ́ọ̀ṣì inú ọ́tánétọ̀ tí ó ti jẹ tán, tàbí ohun tí ń darí ipá ìtì rẹ̀. Iná pupa tí ó ní àwòrán bátìrì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ọ́tánétọ̀ àti ọ̀nà ìgbaná ni ó ń fẹjọ́ wọn sùn. Kì í ṣe bátìrì ni ó ń bú. Ògbufọ̀ tí ó bá túmọ̀ àmì yìí sí ‘bátìrì rẹ ti bàjẹ́’ ti ná owó olówó.

Ọ̀ràn kan wà tí ohunkóhun kò bàjẹ́ níbẹ̀, síbẹ̀ tí bátìrì kò rí gbà. Èyí ni ti ọkọ̀ tí ó ń lo ọ̀pọ̀ wákàtí nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Iná iwájú méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 55 ń fa nǹkan bí áḿpíà 9. Bí a bá fi ẹ̀rọ amúlétutù kún un, àti abẹ̀bẹ̀ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí rédíétọ̀, iná ẹ̀yìn àti rédíò, ó lè tó áḿpíà 25 tàbí 30. Ọ́tánétọ̀ tí a kọ áḿpíà 70 sí lára kì í pèsè 70 nígbà tí ẹ̀rọ ń rọra yí lójú kan. Ohun tí ó ń pèsè nígbà náà lè má tó ìdajì. Ẹni tí ó ń ti Èkó Ìsàlẹ̀ bọ̀ ní alẹ́ lórí afárá Third Mainland, tí ọkọ̀ rẹ̀ ń rìn bí ìgbín, lè dé ilé pẹ̀lú bátìrì tí kò kún ju bí ó ti wà nígbà tí ó kúrò níbi iṣẹ́.

Àwọn kan gbà pé ìṣíná ni ó ń jẹ iná bátìrì run. Ìṣirò kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Ká ní ẹ̀rọ ìṣíná fa áḿpíà 150 fún ìṣẹ́jú àáyá 3; gbogbo rẹ̀ kò ju áḿpíà-wákàtí 0.125 lọ, ọ́tánétọ̀ yóò sì dá a padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohun tí ó ṣòro ni pé kí bátìrì tí ó ti ṣófo tó kún padà. Bátìrì kì í gbé iná mì bí ẹni gbé omi mì. Bí ó ti ń súnmọ́ ìkún ni ó ń lọ́ra sí i. Ọkọ̀ tí a fi wáyà fa iná fún láti ara ọkọ̀ mìíràn, tí a sì wà fún ogún ìṣẹ́jú, kò tíì súnmọ́ ìkún. Kí a gbé bátìrì náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣáàjì rẹ̀ kí ó sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ bátìrì tí wọ́n ní ó ti kú ni ìtọ́jú yìí nìkan tó fún.

Iná àfòmọ́

Àìsàn kejì ni ti ọkọ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní ọjọ́ Ẹtì, tí kò sì ṣíná ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ohun kan ń fa iná nígbà tí a ti ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, tí a sì ti lọ sùn. ‘Iná ń jò’ ni àwọn oníṣẹ́ ń sọ. Ọ̀rọ̀ náà kò burú lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà tó fún èdè ìperí. Bí àmù bá ń jò, àmù náà ni ó lẹ́bi. Ara rẹ̀ ni ó lu. Níhìn-ín, ara bátìrì le, nǹkan mìíràn ni ó ń mu ún. Àwọn àgbẹ̀ wa mọ igi kékeré kan tí ó ń hù sórí ẹ̀ka obì àti kòkó, tí ó ń fa oje igi onígi mu. Àfòmọ́ ni wọ́n ń pè é. A dábàá ‘iná àfòmọ́’ fún ìṣàn tí ń fa bátìrì gbẹ nígbà tí ọkọ̀ dúró, kí a sì fi ‘ìjò’ sílẹ̀ fún iná tí ń dínkù nínú bátìrì fúnra rẹ̀, àní bí a bá yọ ọ́ kúrò lára ọkọ̀ tí a gbé e sí orí àga. Ìjò wà lára gbogbo bátìrì òjé, ooru a sì máa mú un yá sí i.

Kò sí ọkọ̀ òde òní tí kò ní iná àfòmọ́ díẹ̀. Aago ń fa, rédíò ń fa kí ó má baà gbàgbé àwọn ilé-iṣẹ́ tí a yàn, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ń fa, fèrè tí ń lé olè ń fa. Áḿpíà 0.02 sí 0.05 ni ó sábà máa ń jẹ́. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n 0.05 ní wákàtí mẹ́rìnlélógún jẹ́ áḿpíà-wákàtí 1.2 lójúmọ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ní kí Èkó, Ògùn àti Àbújá jókòó sílé ní ọdún 2020 nítorí àrùn Kòrónà, láti alẹ́ 30 oṣù kẹta títí di 4 oṣù karùn-ún, ọjọ́ 35 ni. Ọkọ̀ tí a kò fọwọ́ kàn nínú gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí, tí àfòmọ́ rẹ̀ kò ju 0.05 lọ, yóò ti ná áḿpíà-wákàtí 42 nínú 45. Kò sí ohun tí ó bàjẹ́ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a bá mọ̀ pé ọkọ̀ yóò dúró pẹ́, kí a tú wáyà orí alámì àyọkúrò kí a tó rìnrìn àjò.

Ọ̀ràn di àìsàn nígbà tí àfòmọ́ bá pọ̀. Gílóòbù kékeré kan nínú búùtù, oníwáàtì 5, tí kò kú nígbà tí a pa búùtù dé, ń jẹ áḿpíà-wákàtí 10 lójúmọ́. Ọjọ́ méjì àti díẹ̀ tó fún un láti sọ bátìrì 45 di ìdajì. A kò lè rí i, nítorí pé a gbọ́dọ̀ ṣí búùtù kí a tó wo inú rẹ̀. Nínú ọkọ̀ tòkúnbọ̀, ohun tí a fi kún un ni kí a kọ́kọ́ fura sí: rédíò ńlá tí a rà lọ́tọ̀, ẹ̀rọ tí ń tọpa ọkọ̀, fèrè olè tí a so wáyà rẹ̀ mọ́ ibi tí ó bá ṣáà ti rọrùn. Ọ́tánétọ̀ náà lè di àfòmọ́. Dáyódù inú rẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn tí ó ń ṣí sí apá kan ṣoṣo. Bí ilẹ̀kùn náà bá bàjẹ́, iná tí ó gba ibẹ̀ wọlé ní ọ̀sán yóò gba ibẹ̀ jáde ní òru.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le, sùúrù ni ó ń fẹ́. Kí a pa ọkọ̀, kí a yọ kọ́kọ́rọ́, kí a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kí a sì ti gbogbo ilẹ̀kùn. Kí a tú wáyà orí alámì àyọkúrò, kí a wá yí mítà sí ibi áḿpíà, kí a sì fi í sí àárín wáyà náà àti orí bátìrì, tí ó fi jẹ́ pé inú mítà ni gbogbo iná yóò gbà kọjá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣíná nígbà tí mítà wà níbẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ mítà kò lè ru ju áḿpíà 10 lọ. Ìṣàn yóò kọ́kọ́ ga, nítorí pé àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ kì í sùn lẹ́ẹ̀kan náà. Kí a fún wọn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá ṣì ju 0.05 lọ dáadáa, kí a máa yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan kí a sì dá a padà. Fíúsì tí a yọ tí òǹkà mítà fi já wálẹ̀, ojú ọ̀nà rẹ̀ ni àfòmọ́ wà. Bí kò bá sí èyí tí ó já a wálẹ̀, kí a yẹ ọ́tánétọ̀ wò. Oníṣẹ́ tí ó bá ní kí a ra bátìrì láì ṣe àyẹ̀wò yìí kò ṣe iṣẹ́.

Bátìrì tí àyè rẹ̀ ti dín

Iyọ̀ òjé tí a mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan ni gbòǹgbò àìsàn kẹta. Nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ó rọ̀, ó wẹ́, ó sì ń túká bí iná bá ti dé. Ṣùgbọ́n bí a bá fi bátìrì sílẹ̀ ní òfìfo fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iyọ̀ náà yóò dì, gẹ́gẹ́ bí òrí ti ń dì ní àkókò ọyẹ́. Èyí tí ó bá ti dì gan-an kò níí túká mọ́. Ibi tí ó bò lára pẹlẹbẹ kò wúlò mọ́, bí àmù tí yanrìn ti gba ìsàlẹ̀ rẹ̀: ó ń kún, kò sì gba omi. A dábàá ‘àyè iná’ fún ohun tí bátìrì lè gbà. Bátìrì tí àyè iná rẹ̀ ti dín lè fi fóltì 12.6 hàn ní òwúrọ̀, kí ó sì dákú nígbà tí a bá ní kí ó yí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ kíyè sí i pé àìsàn kìíní àti èkejì ni ó ń bí ẹ̀kẹta. Bátìrì tí ebi ń pa lóòrèkóòrè, tàbí tí àfòmọ́ ń fà gbẹ, yóò di èyí tí àyè rẹ̀ dín. Ooru náà ń ṣe tirẹ̀. Àwọn ìwé tí a kọ ní ilẹ̀ òtútù máa ń pariwo yìnyín, nítorí pé òtútù ni ó ń tú àṣírí bátìrì tí kò lágbára níbẹ̀. Ooru ni ó ń ba bátìrì jẹ́ gan-an. Ó ń mú kí irin inú rẹ̀ tètè jẹ, ó sì ń fa omi rẹ̀ gbẹ. Ẹni tí ó ń túmọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún wa kò gbọdọ̀ kó yìnyín wọn wá síbí. Nínú èyí tí ó ní ìdérí tí a lè ṣí, omi bátìrì mímọ́ ni a óò fi kún un, kì í ṣe omi ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe ásíìdì, nítorí pé omi ni ó gbẹ, ásíìdì kò bá a lọ. Ìgbàgbọ́ kan tún wà pé bátìrì tí a gbé sórí sìmẹ́ǹtì yóò ṣófo. Ó ní ìdí nígbà tí àpótí bátìrì jẹ́ igi tàbí rọ́bà líle; àpótí oníke òde òní kò mọ sìmẹ́ǹtì yàtọ̀ sí pákó.

Kí a kọ́kọ́ fi iná kún bátìrì náà, kí ó sinmi di ọjọ́ kejì, kí a wá wọ̀n ọ́n. Bí a bá rí nǹkan bí fóltì 10.5, yàrá kan nínú mẹ́fà ti wó: 12.6 tí a yọ 2.1 kúrò nínú rẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá dúró sí 12.6, kí ẹnì kan ṣíná nígbà tí ẹlòmíràn ń wo mítà. Bí ó bá já wálẹ̀ ju fóltì 9.6 lọ, tí àwọn wáyà sì mọ́, àyè iná ti tán níbẹ̀. Kí a ra òmíràn.

Kí a má gbàgbé pé bátìrì tí ó ń gba iná ń tú afẹ́fẹ́ háídírójìn jáde, ẹ̀ta iná kékeré sì lè mú un bú gbàmù. Sìgá kò gbọdọ̀ súnmọ́ ọn. Nígbà tí a bá ń fi wáyà fa iná láti ara ọkọ̀ mìíràn, ara irin ẹ̀rọ ọkọ̀ tí kò ṣíná, níbi tí ó jìnnà sí bátìrì, ni kí a fi wáyà tí ó kẹ́yìn kàn.

Ikú tòótọ́

Bátìrì tí àyè rẹ̀ ti tán yìí ni a fẹ́ fi ‘kú’ sílẹ̀ fún. Òkú rẹ̀ kì í sì í ṣe òkú lásán, nítorí pé ju ìdajì ìwúwo rẹ̀ lọ ni ó jẹ́ òjé, májèlé sì ni òjé nínú ara ènìyàn, pàápàá nínú ọpọlọ ọmọdé. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní ilẹ̀ Senegal, àwọn ènìyàn ń fọ́ bátìrì ògbólógbòó ní àdúgbò wọn láti yọ òjé inú rẹ̀ tà. Láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2007 àti oṣù kẹta ọdún 2008, ọmọdé 18 kú níbẹ̀. Yorùbá ní a ti fi òjé bọ olóòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ. Èyí tí ó bá wọ inú egungun ọmọ tún le láti bọ́ ju ti ọrùn ọwọ́ lọ. Bátìrì tí a bá pè ní òkú láìtọ́jọ́, tí àyẹ̀wò wákàtí kan ì bá dá sí, ń fi kún òjé tí ó ń lọ sí irú ibi bẹ́ẹ̀. Kí a má ṣe da ásíìdì inú rẹ̀ sí gọ́tà, kí a má sì ṣe fọ́ ọ ní àgbàlá. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ta tuntun máa ń gba ògbólógbòó, wọ́n a sì yọ díẹ̀ kúrò nínú owó.

Ó ku ti àwọn ọkọ̀ tuntun tí ó ń fi iná mànàmáná rìn, tí bátìrì ńlá wọn jẹ́ ti líthíọ́mù. Iyọ̀ òjé kò sí nínú ìyẹn, ásíìdì imí-ọjọ́ kò sì sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkún, òfìfo, àyè iná, ìjò àti iná àfòmọ́ bá wọn mu bí wọ́n ti wà, púpọ̀ nínú wọn sì ṣì ní bátìrì òjé kékeré kan tí ń ṣí ilẹ̀kùn tí ó sì ń jí kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀. Bí kékeré yìí bá ṣófo, ọkọ̀ náà kò níí rìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ńlá kún dẹ́nu.